Kí Àlejò Tó Béèrè Ẹ̀wà

Nínú gbogbo òwe tí Yorùbá ń pa mọ́ àlejò, èyí tó máa ń gún mi lára jù ni èyí tó ní: "Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà." Igi oko ni gbìngbindò, ìyàn ló ń sọ èso rẹ̀ di oúnjẹ. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, ẹ mọ̀ pé àká rẹ̀ ti gbẹ. Àlejò wá jókòó sídìí ògiri, ó na ọwọ́, ó ní ẹ̀wà ni kí wọ́n bù wá. Kò sì burú lójú ara rẹ̀: ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló béèrè, kò ní kí wọ́n pa àgbò. Ibi tí òwe náà ti ń ta ni pé ohun tó kéré lójú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà lè tóbi lọ́wọ́ ẹni tó máa pèsè é.

Òwe yìí ni mo fẹ́ fi la ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú owó tí kò pọ̀, tó fẹ́ jẹun níta, tó sì fẹ́ ibùsùn tí kò ní gbọn àpò rẹ̀ gbẹ. Irú wọn pọ̀: ẹni tó wá wo ààfin, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe ìwádìí, oníṣòwò tó wá ra igbá fínfín àti ohun èlò awọ, ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ mọ ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀yọ́ kò lókun, kò lọ́sà. Ẹni tó bá ti lọ ṣeré létí òkun l'Ékòó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun gan-an ní iye: wọ́n á gba owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gba owó àga, wọ́n á gba owó àtíbàbà, ẹja yíyan ibẹ̀ á sì gbówó lórí nítorí ìgbì tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò Ọ̀yọ́ kò ní ìgbì tó máa sanwó fún. Oúnjẹ ló máa sanwó fún, àti ẹní tó máa fẹ̀yìn lé. Nítorí náà ló ṣe yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Láti etí òkun náà ni àwọn àlejò kan ti wá bá wa nígbà àtijọ́. Hugh Clapperton, ará Skọ́tíláǹdì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825. Oṣù kìíní ọdún 1826 ló wọ Ọ̀yọ́ Ilé, Ọ̀yọ́ àtijọ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún kó tó tú, ó sì wà níbẹ̀ di oṣù kẹta. Ní 1830, Richard Lander, tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton nínú ìrìn yẹn, mú àbúrò rẹ̀ John, wọ́n tún gba Àgbádárìgì wá. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì kankan lójú ọ̀nà. Ìlú tí wọ́n bá dé, ọba tàbí baálẹ̀ ló ń fún wọn nílé, oúnjẹ á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ka ìtàn wọn lóréfèé á ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n jẹ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sùn. Irọ́ ni. Ẹrù ẹ̀bùn tí wọ́n kó kúrò létí omi ń fúyẹ́ sí i ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àlejò kò sì lè kàn palẹ̀ mọ́ lówùúrọ̀ kó máa lọ bí ọba kò bá tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Owó ilé wà níbẹ̀ dáadáa. Orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni onímọ̀ àṣà ẹ̀dá Abner Cohen ṣe rí i ní Sábó Ìbàdàn, àdúgbò Haúsá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, tó sì kọ̀wé lé lórí ní 1969. Oníṣòwò tó da màlúù wá láti òkè Ọya tàbí tó wá ra obì, ilé ẹni tí wọ́n ń pè ní mai gida ló ń sùn sí, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, kò san kọ́bọ̀ lórí ẹní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mai gida ni ọjà rẹ̀ ń gbà kọjá, làádà tí ìyẹn sì ń jẹ lórí ọjà náà ló ń ra tùwó tó gbé síwájú àlejò. Gbogbo ilé tí àlejò ti sùn láyé yìí, ẹnì kan ló san án. Bí kì í bá ṣe àlejò, onílé ni. Bí kì í bá ṣe onílé, á jẹ́ ọmọ kékeré kan tó pọnmi ní kùtù tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ẹ̀dínwó, ẹlòmíràn ni wọ́n dín in kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ ọjà.

Ọjà ọba ni Akẹ̀sán, ìtòsí ààfin ló sì wà. Samuel Johnson, àlùfáà tó sìn ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ka Ẹni-Ọjà mọ́ àwọn obìnrin olóyè ààfin. Ìkáwọ́ rẹ̀ ni ọjà ọba wà. Apá rẹ̀ ni Aláàfin ń fara tì lọ́jọ́ tó bá jáde lọ bọ ọjà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa tún ọjà ṣe kí ó má dàrú, inú ọjà náà gan-an sì ni onítọ̀hún ń gbé. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wù mí kà: ẹnì kan ń sùn sọ́jà nítorí àwọn tí kì í sùn síbẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó Akẹ̀sán. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́, ṣọ́ọ̀bù tuntun tò rẹrẹ, àwọn kan sì yára fa òwe yọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ní ti ilé. Ní ti ìyá tí aṣọ òfì rẹ̀ àti àpò ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ di eérú, òwe mìíràn ni kí wọ́n fi kí i. Ẹni tó ń tajà síbẹ̀ lónìí lè jẹ́ ẹni tó fi èsúsú dá òwò rẹ̀ padà, tó ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ó dára kí àlejò mọ èyí kó tó máa fi ọwọ́ gbá ọwọ́ pé "Ẹ dín in, ẹ dín in."

Kí ẹ tó jókòó jẹun, ẹ kọ́kọ́ rìn yí ká. Ẹ má wo pátákó, ẹ wo ẹni tó ń jẹun. Ibi tí alábàárù, awakọ̀, ọlọ́kadà àti àwọn ìyá ọjà fúnra wọn bá ti ń jẹ, ẹ wọlé síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹun síbì kan lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń padà wá, bí oúnjẹ bá sì dà wọ́n nínú rú lọ́jọ́ kan, ìyá olóúnjẹ á gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Àlejò tó lọ jẹun níbi tí kò sí ẹlòmíràn, nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́ tí aṣọ tábìlì rẹ̀ sì funfun, lè rí i pé ọbẹ̀ àná ni wọ́n ń fi aṣọ funfun tà.

Kí lẹ máa jẹ? Òwe ti tò ó sílẹ̀: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Lójú tèmi, ará Èkìtì ló pa òwe yẹn. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò lè fi ọkà ṣe oògùn lásán. Òun gan-an loúnjẹ, iyán ni ti àlejò pàtàkì. Ọkà yìí ni ẹlòmíràn ń pè ní àmàlà. Iṣu ni wọ́n bẹ, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná tí kò hó, tí wọ́n fi í sùn nínú omi náà, tí wọ́n wá sá títí ó fi gbẹ táútáú kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di ẹ̀lùbọ́. Ojú ni iṣẹ́ náà wà: bí omi bá hó jù, iṣu á jinná, kò ní ṣeé fi ṣe ẹ̀lùbọ́ tó fa, bí kò bá gbóná tó, á kan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ olókà tó mọ iṣẹ́, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nígbà tó bá ń rokà. Omi á máa hó yaya. Á da ẹ̀lùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní máa wọ́n ọn bí iyọ̀. Á ti orógùn bọ̀ ọ́, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ìkòkò mú nínú aṣọ àkísà, á wá máa ro ó, á máa fi orógùn lù ú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí kókó má bàa kù nínú rẹ̀. Ó wọ́n omi gbígbóná sí i, ó dé e, ó jẹ́ kó mí. Nígbà tó bá tún ṣí i, èéfín á rú lù ú lójú, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró. Ọkà tó dára máa ń dán, á sì fà díẹ̀ kó tó já. Èyí tí wọ́n fi láfún lù á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, bó bá sì tutù á le. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú láfún, àwọn Ẹ̀gbá ń jẹ ẹ́ tìdùnnú tìdùnnú. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn san owó iṣu kó jẹ ẹ̀gẹ́.

Gbẹ̀gìrì á wà níbẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ tí wọ́n sè títí ó fi yọ́; ewédú á wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já; ọbẹ̀ ata á wà lókè. Àpapọ̀ wọn ni à ń pè ní àbùlà. Mo ti rí àlejò tó ní kí wọ́n bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí òun lè ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n bù ú fún un. Àwo mẹ́rin ni ọmọ kékeré tó ń fọ àwo kó lọ sẹ́yìn nígbà tó jẹun tán, dípò méjì, omi ọjọ́ náà sì wọ́n.

Wàyí o, owó. Ọkà kì í ná èèyàn, ẹran ni. Olóúnjẹ á bi yín pé "Ẹran mélòó?", ẹni tí ebi ń pa á sì dáhùn "Mẹ́ta" láìwò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè iye kí ẹ tó jókòó. Bó ṣe yẹ kó lọ rèé:

"Ìyá, ẹ kú ọjà o."

"Ẹ káàbọ̀, oníbàárà mi. Kí ni kí n bù?"

"Èló lẹ ń ta ọkà? Èló ni ẹran, èló ni ṣàkì?"

"Ẹ wò ó, èyí tó tóbi yìí, iye báyìí ni, pọ̀nmọ́ rọjú jù ú lọ."

"Ẹ bá mi bu ọkà méjì àti pọ̀nmọ́ kan. Ẹ fi èènì ọbẹ̀ sí i, Ìyá."

"Mo ti gbọ́."

Ẹ kíyè sí i pé oníbàárà yẹn kò ná oúnjẹ. A kì í ná oúnjẹ sísè. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà, ibi tí wọ́n ti ń ta ata tútù, ẹ̀lùbọ́ àti igbá ni kó lọ, wọ́n á ti fi ibi tí ẹnu máa bọ́ sí sílẹ̀ dè é. Olóúnjẹ kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ti ra igi, ó ti ra epo, ó ti sanwó ẹni tó lọ ẹ̀lùbọ́ fún un. Èrè tó wà lórí àwo kan kò tó kéèyàn fi ẹnu hó o kúrò. Èènì ni ẹ̀tọ́ tiyín, ẹ béèrè rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, inú ọbẹ̀ ni kó sì wà, nítorí ọbẹ̀ ṣeé fi omi àti ata tún ṣe, ẹran kò ṣeé tún ṣe. Àwọn ará Abẹ́òkúta ní "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sápọ́n." Bí owó yín bá mọ ní pọ̀nmọ́ kan, ẹ jẹ pọ̀nmọ́ kan lórí ìjókòó gidi, ó sàn ju kí ẹ jẹ ẹran mẹ́ta kí ẹ wá máa bá obìnrin àgbàlagbà jà lórí ìyókù owó lójú àwọn èèyàn.

Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Ní búkà, olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí ẹ bá bá ẹni tó ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì, á ní "Ẹ bá mi re o." Kò pè yín láti wá kó ọwọ́ bọ inú àwo rẹ̀. Ẹ dá a lóhùn pé "Á gba ibi ire o," kí ẹ wá ibi jókòó. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, tí àwọn èèyàn ń dúró lórí ìdúró de àyè, ẹ jẹun tán kí ẹ dìde. Ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ fóònù, abẹ́ igi wà níta. Ẹni tó jókòó gba ààyè èèyàn méjì fún wákàtí kan lórí pọ̀nmọ́ kan, òun náà ti béèrè ẹ̀wà lọ́wọ́ onígbìngbindò.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn kò dùn tó ti ọkà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àlejò ti ń ṣe àṣìṣe tó wọ́n jù. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwòrán tó wà lórí fóònù kì í fi ilé ìwẹ̀ han èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ wo yàrá kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ rí i pé ó yọ. Ẹ tẹ tìmùtìmù. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé bóyá ẹ̀fọn ti rí ọ̀nà gbà. Ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú, kí ẹ tún tì í láti ìta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè iná: "Títí di aago mélòó lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀?" Bí wọ́n bá ní aago méjìlá, ẹ mọ̀ pé fáànù á dákẹ́ láago méjìlá. Ẹ béèrè bóyá owó náà kan oúnjẹ àárọ̀. Ẹ béèrè yàrá ẹ̀yìn, nítorí ọkọ̀ àjàgbé kò mọ̀ pé èèyàn ń sùn.

Yàrá tó rọjú jù kì í sábà rọjú. Bó bá jìnnà sí àárín ìlú, ẹ ó fi iye tí ẹ rò pé ẹ dín sílẹ̀ gun ọ̀kadà lọ, gun ọ̀kadà bọ̀, owó ọ̀kadà alẹ́ kì í sì í ṣe owó ọ̀kadà ọ̀sán. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó yan yàrá. Ọ̀yọ́ ìlú ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ni láti ayé kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, títí dé Yunifásítì Ajayi Crowther tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005. Irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní yàrá àlejò, tó mọ́, tó dákẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọtí kò ní wọ ibẹ̀, wọ́n sì lè ti géètì ní kùtùkùtù alẹ́. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ ọn, kó má lọ síbẹ̀ kó wá máa ṣàròyé. Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à di ìkúùkù.

Ó tọ́ kí ẹ tọrọ ẹ̀dín bí ẹ bá máa sùn ju ọjọ́ kan lọ, àmọ́ ẹ bá ẹni tó ní àṣẹ sọ ọ́, ní ọ̀sán. Kò dára kéèyàn dé láago mẹ́wàá alẹ́ kó máa halẹ̀ mọ́ ọmọ tí wọ́n fi sídìí tábìlì. Ọmọ yẹn kọ́ ló ni ilé náà. Bó bá fi ìbẹ̀rù dín in, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú owó oṣù rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ á ti yọ ọ́, ẹ̀yin á sì sùn dáadáa.

Bí alẹ́ bá sì ti lẹ́, ẹ má tìtorí owó yàrá kan kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru. Kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà àti ẹ̀yọ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ yẹn tóóró, ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ lórí rẹ̀, èyí tó dẹnu kọlẹ̀ sì lè wà lójú títì láìtan iná. Ẹ sùn, kí ẹ lọ lówùúrọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ rọrùn fún àlejò ju bí àwa ará Ọ̀yọ́ ṣe máa ń fẹ́ gbà lọ. Láti 1990 tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ni àdúgbò Under-G ti kún fún àwọn olóúnjẹ tó mọ bí owó akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tó, ibẹ̀ sì ni kí ẹ lọ bí ẹ bá fẹ́ jẹun yó lówó pọ́ọ́kú. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín dín in. Ìlú àwọn Onítẹ̀bọmi ni láti ìgbà tí míṣọ́nnárì wọn, T. J. Bowen, ti débẹ̀ ní 1855, ilé ìwòsàn wọn sì ti wà láti 1907. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ló mọ ibùsùn tí kò wọ́n nínú ìlú yẹn dunjú ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí wọn kò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé. Àwọn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Abèèrè kì í ṣìnà.

Oṣù kẹjọ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà ní Ọ̀yọ́. Ìgbà náà ni ọdún Ṣàngó, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2023. Àwọn olóòṣà á ti òkè òkun dé, àwọn ọmọ Brasil àti Kúbà á dé, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì á kún. Ẹni tí kò bá ti pè ṣáájú, ilé ẹbí tàbí ilé ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ló máa balẹ̀ sí.

Ibẹ̀ gan-an ni òwe gbìngbindò ti ń bá àlejò òde òní wí, nítorí inú ilé tí wọn kò ti gbowó ni ẹni tó ń sanwó ti ń fara pamọ́. Onílé Yorùbá kò ní sọ fún yín pé ẹ̀lùbọ́ kù ní ìsàlẹ̀ àpò. Á ní "Ilé yín nìyí." Á gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún yín, á lọ tẹ́ ẹní sí yàrá àwọn ọmọ. Á ra ẹja dípò pọ̀nmọ́ tó ń rà tẹ́lẹ̀, ọmọ tó ń lọ ilé ìwé á sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ́sẹ̀ yẹn. Àlejò á padà sí Èkó lọ máa ròyìn pé ìrìn àjò òun kò ná òun ní kọ́bọ̀.

Ẹ má lọ ní ọwọ́ òfo. Búrẹ́dì dára, ṣùgbọ́n gbogbo àlejò ló ń gbé búrẹ́dì wá. Ilé mìíràn ti jẹ búrẹ́dì títí ó fi sú wọn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ bá ìyàwó ilé lọ sí Akẹ̀sán, kí ẹ ra ẹ̀lùbọ́, epo àti irú tó máa ju ọjọ́ tí ẹ máa lò lọ. Bó bá ní kí ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, ẹ sọ pé ó ti wù yín láti mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀lùbọ́ tó dára. Kò purọ́, ẹ̀yin náà kò sì purọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọmọ tó ń pọnmi ní tirẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ sì mọ orúkọ rẹ̀.

Owó ló máa ń ṣòro láti fún wọn. Bí ẹ bá kà á fún baálé ilé níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ti sọ ilé rẹ̀ di òtẹ́ẹ̀lì, kò sì ní gbà á. Ẹ dúró di ìgbà tí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ yà sí ọ̀dọ̀ ìyá ilé ní kíṣìnnì, ẹ ká owó náà kékeré, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Ìyá, owó ọṣẹ ni o."

"Áà, kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣé a tà á fún yín ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ọṣẹ lásán ni."

"Ẹ ṣeun o. Àpò yín kò ní gbẹ. Ẹ kí wọn nílé."